Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ìgbìmọ̀ ìtọ́jú aláìsàn nínú àwọn párísì wa, nípa Jòhánù ti Ọlọ́run

Ẹ̀yin ará wa nínú Kristi,

A kí yín kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ Àwọn Aláìsàn Lágbàáyé, ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé, tún ń bọ̀ lọ́nà, kò sì sí párísì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: Mísà, òróró mímọ́, báńnà tí fọ́tò alága ti tóbi ju ti Màríà Mímọ́ lọ, àpò ìrẹsì kéékèèké, ká ya fọ́tò, kí kálukú máa lọ sílé ẹ̀. Ọjọ́ tó dáa ni. Póòpù John Paul II ló dá a sílẹ̀ ní 1992, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Àmọ́ oṣù kan kì í tíì pé lẹ́yìn rẹ̀ tí àjọ̀dún Ẹni Mímọ́ Jòhánù ti Ọlọ́run fi ń wọlé, ọjọ́ 8 oṣù Ẹrẹ́nà. Òun ni Póòpù Leo Kẹtàlá fi ṣe alágbàwí ilé ìwòsàn àti àwọn aláìsàn ní 1886, pẹ̀lú Camillus Mímọ́, fadá ará Ítálì tí òun náà fi ayé rẹ̀ tọ́jú aláìsàn. Òun náà ni Pius Kọkànlá fi ṣe alágbàwí àwọn nọ́ọ̀sì ní 1930. Àjọ̀dún tiẹ̀ máa ń kọjá láìsí ẹni tó yíjú sí i. Ìdí tí a fi kọ̀wé yìí nìyẹn.

Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe ní Granada, ilẹ̀ Spéènì, ní ìwọ̀nba ọdún tó lò nídìí ẹ̀ kó tó kú ní 1550, iṣẹ́ ilé ni: omi pípọn, ilẹ̀ gbígbá, abọ́ fífọ̀, oúnjẹ wíwá, gbèsè kíkọ sílẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ yín bá fẹ́ fi í ṣe àwòkọ́ṣe, ẹ má wá a lọ sí orí pèpéle ayẹyẹ. Kò sí níbẹ̀.

Kì í ṣe fadá, kò sì kàwé dé ibì kan. João Cidade ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Montemor-o-Novo, ilẹ̀ Pọ́túgàlì, níbi tí wọ́n ti bí i ní 1495. Ó da ẹran, ó jagun, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹgi fún un nígbà tí ẹrù ìkógun tí wọ́n ní kó ṣọ́ dàwátì, ó ṣe lébìrà nídìí odi ìlú ní Ceuta, lẹ́yìn náà ló ń kiri ìwé àti àwòrán àwọn ẹni mímọ́. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìwé kékeré kan lẹ́bàá Ẹnubodè Elvira ní Granada. Bíṣọ́ọ̀bù ìlú Tuy ló wá sọ ọ́ ní Jòhánù ti Ọlọ́run nígbà tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ àjọ̀dún Sebastian Mímọ́, 20 oṣù Ṣẹẹrẹ, ló gbọ́ ìwàásù Fadá Juan de Ávila. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń yí nínú ẹrẹ̀, ó ń fa irun orí ara rẹ̀ tu, ó tú ọjà rẹ̀ ká, àwọn ọmọdé ń lé e kiri ìgboro, wọ́n ń sọ ọ́ lókò. Wọ́n bá gbé e lọ sí Ilé Ìwòsàn Ọba, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí. Ìtọ́jú ìgbà náà kò ju pé kí wọ́n de aláìsàn tọwọ́ tẹsẹ̀, kí wọ́n fi okùn nà án, torí wọ́n gbà pé ìrora ló máa dá a padà sí orí ara ẹ̀. Jòhánù jẹ ẹgba yẹn ní àjẹyó. Francisco de Castro, tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1585, sọ ohun tó tọrọ nínú ilé yẹn: pé kí Jésù Kristi fún òun ní àkókò àti oore-ọ̀fẹ́ láti ní ilé ìwòsàn tòun, kí òun lè kó àwọn tálákà tí wọ́n pa tì àti àwọn tí orí wọn dàrú jọ síbẹ̀, kí òun sì máa tọ́jú wọn bí òun ṣe fẹ́. Ìyà tó jẹ ẹ́ ló kọ́ ọ ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe fún ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí, torí ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá jù. Ẹ̀yin náà mọ ilé àdúrà tí wọ́n ti de alárùn ọpọlọ mọ́ òpó, ẹ sì mọ ilé oníṣègùn tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń wà lẹ́sẹ̀ èèyàn fún oṣù gbọọrọ. Àwọn ọmọ ìjọ wa ń gbé èèyàn wọn lọ síbẹ̀: ìtìjú ń ti àwọn kan, owó ni kò sí lọ́wọ́ àwọn míì, ti àwọn míì sì ni pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ilé. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í wo àrùn. Ó ń dá egbò sí ọrùn ẹsẹ̀, egbò á kẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ á rọ nítorí àìrìn, aláìsàn á sì kórìíra ẹnikẹ́ni tó bá tún dárúkọ ìtọ́jú sí i létí. Bí wọ́n bá wá fi ààwẹ̀ mọ́ ọn, àìjẹun àti àìmumi á tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ orí tí wọ́n ní àwọn ń lé lọ.

Ẹnì kan wà nítòsí wa tó ti fi hàn pé ọ̀nà míì wà. Grégoire Ahongbonon, ọmọ ilẹ̀ Benin, iṣẹ́ fọganáísà ló ń ṣe ní Bouaké, ilẹ̀ Ivory Coast, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ Camillus Mímọ́, ti ní ibi ìtọ́jú dé Benin àti Togo. Kì í ṣe dókítà. Ìlànà rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹ tú u sílẹ̀, ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ gé irun rẹ̀, ẹ fún un ní oúnjẹ, kí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ fún un lóògùn, ẹ kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́, kó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn tí ara wọn ti yá níbẹ̀ wà lára àwọn tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé.

Ohun tí ìgbìmọ̀ párísì lè ṣe kéré sí èyí, àmọ́ kò ṣòro. Ẹ mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta, ẹ mọ ti Yaba l'Ékòó, ẹ mọ ẹ̀ka ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn. Ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gba aláìsàn tuntun àti iye káàdì, kí ìdílé má baà lọ ní ọjọ́ tí kò yẹ kí wọ́n sì padà pẹ̀lú ìbínú. Ẹ bá wọn lọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, oògùn ni ìjà yín. Ìdí tó wọ́pọ̀ jù tí àrùn fi ń padà ni pé ara aláìsàn yá, ó ní òun ò lò ó mọ́. Èkejì ni pé oògùn ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ le, kí itọ́ máa dà, kí èèyàn máa sanra. Aláìsàn á dà á sí ṣálángá, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́ ìdílé pé dókítà ni kí wọ́n sọ ọ́ fún, ó lè dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, àti pé abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan lóṣù wà fún ẹni tí kì í rántí oògùn. Bí wọ́n bá ń bi yín léèrè òfin, òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2023 ti rọ́pò òfin Lunacy ti 1958. Ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ bá wòlíì tó de èèyàn mọ́lẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́; bí ẹ bá wọlé pẹ̀lú ariwo, wọ́n á gbé aláìsàn náà lọ sí ibi tí ẹ ò mọ̀.

Ó ku ohun kan lórí Ilé Ìwòsàn Ọba yẹn. Nígbà tó jóná ní 1549, Jòhánù ló sáré wọ inú rẹ̀, tó ṣí ilẹ̀kùn, tó gbé àwọn aláìsàn jáde, tó da bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ láti ojú fèrèsé, tó tún gba orí òrùlé lọ pẹ̀lú àáké kí iná má baà ràn dé apá kejì. Ilé tí wọ́n ti nà án ni o.

Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ nínú ilé náà, kò ní kọ́bọ̀. Igi ìdáná ló ń ṣẹ́ tà. Díẹ̀ lára owó ẹ̀ ló fi ń jẹun, ìyókù á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sùn síta. Nígbà tó yá, ó háyà ilé kan nítòsí ọjà ẹja, ó ra ẹní koríko àti bùláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù, ó bá bẹ̀rẹ̀. Bá a gúnyán nínú ewé, bá a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ìgbìmọ̀ tó ń dúró de ilẹ̀ párísì, de àwòrán ilé, de ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, ẹ lọ ra ẹní.

Bó ṣe ń tọrọ oúnjẹ ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Alẹ́ ló ń jáde, lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú bá ti jẹun tán tí wọ́n sì wà nílé. Òjò kì í dá a dúró. Agbọ̀n ńlá kan wà léjìká rẹ̀, ìkòkò méjì sì wà lára okùn tó gbé kọ́ ọrùn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Búrẹ́dì àti aṣọ á lọ sínú agbọ̀n, oúnjẹ sísè á lọ sínú ìkòkò. Á wá máa ké lójú pópó pé: ta ló fẹ́ ṣe ara rẹ̀ lóore? Ẹ ṣe rere nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run, ẹ̀yin ará mi nínú Jésù Kristi. Nítorí igbe yìí ni àwọn ará Ítálì ṣe sọ ẹgbẹ́ àwọn brọ́dà tó tẹ̀lé e ní Fatebenefratelli, ìyẹn "ẹ ṣe rere, ẹ̀yin ará". Nígbà tó bá délé, á gbé oúnjẹ kaná, á pín in, á fọ abọ́, á gbá ilẹ̀, á gbé ládugbó méjì lọ pọn omi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òun nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀? Ó lọ bá àwọn èèyàn ní wákàtí tí ohun tó ṣẹ́ kù ṣì wà lórí tábìlì. Kò ní kí wọ́n wá san owó sí àkáǹtì. Lọ́dọ̀ tiwa, wákàtí yẹn ni ìgbà tí àwọn ilé búrẹ́dì bá ń ka ohun tí wọn ò tà, tí àwọn ìyá ọlọ́jà bá ń palẹ̀ ẹ̀fọ́ àti tòmátì tó máa bàjẹ́ mọ́jú. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kí ẹni kan náà máa lọ gbà á nígbà gbogbo, kí ìyá ọlọ́jà lè mọ ojú rẹ̀. Bí ojú bá ń yí padà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á fura pé ẹnì kan ń tà á.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún oúnjẹ sísè. Granada tutù, Jòhánù fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìlú náà tóbi, ó sì tutù púpọ̀, pàápàá nígbà òtútù. Ooru tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí ọbẹ̀ ẹran tó bá ti kọjá wákàtí méjì lórí tábìlì láìsí iná lábẹ́ rẹ̀ àti láìsí fíríìjì, ẹ má gbà á fún aláìsàn. Èyí tí ẹ bá gbà, ẹ sè é títí tó fi hó dé ìsàlẹ̀ ìkòkò kí ẹ tó pín in, ẹ má sì gbé ìyókù kaná lẹ́ẹ̀kejì. Ìrẹsì ọjọ́ ìgbéyàwó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru, torí láti òwúrọ̀ ló ti wà nínú kúlà, tó gbóná lọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò gbóná tó láti pa kòkòrò.

Ilé rẹ̀ kún. Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gutierre Lasso, pé àwọn tó wà níbẹ̀ lé ní 110, aláìsàn, ẹni tára rẹ̀ dá, òṣìṣẹ́ àti arìnrìn-àjò: arọ, adẹ́tẹ̀, odi, àwọn tí orí wọn dàrú, àwọn arúgbó, àwọn ọmọdé. Àwọn arìnrìn-àjò tó bá ya ibẹ̀, iná, omi, iyọ̀ àti ìkòkò ìdáná ni wọ́n ń fún wọn kí wọ́n lè se oúnjẹ ara wọn. Ìyẹn náà dára láti rántí: kì í ṣe gbogbo ẹni tó wá lẹ máa bọ́, ohun tí àwọn míì ń wá kò ju ibi ìdáná lọ. Ní ayé ìgbà yẹn, kì í ṣe ohun tuntun ní ilé ìwòsàn kí aláìsàn méjì sí mẹ́ta máa sùn pọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Jòhánù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ó sì ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àrùn wọn.

Ní tiyín, bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn wà ní ilé wọn. Àwọn tí rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ dá gúnlẹ̀, àwọn ìyá àgbà tí eegun ìbàdí wọn ṣẹ́, àwọn tí jẹjẹrẹ ti rẹ̀ sílẹ̀. Ìrẹsì kọ́ ni wọ́n nílò jù. Ọwọ́ tó máa yí wọn padà ni. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe àrùn tó dá wọn dùbúlẹ̀, egbò ìdùbúlẹ̀ ni. Níbi tí eegun ti sún mọ́ awọ, ìyẹn òkè ìdí, ìgbáròkó, gìgísẹ̀, èjìká àti ẹ̀yìn orí, bí ara bá tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í lè dé ibẹ̀, ẹran ibẹ̀ á sì kú láti inú wá kí awọ tó ya. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ má dúró de kó pọ́n. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: bó bá gbóná tàbí tó tutù ju ibi tó yí i ká lọ, bó bá le gan-an tàbí tó rọ̀ bí ìyẹ̀fun tó mu omi, bí àwọ̀ ibẹ̀ bá dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí kò padà lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e kúrò lórí rẹ̀, egbò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wákàtí méjìméjì ni ká máa yí i padà: ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ òsì. Nígbà tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀ gbọnrangandan lórí ìgbáròkó. Ẹ fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó rọra dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹ fi òmíràn sáàárín orúnkún méjèèjì. Nígbà tó bá dojú sókè, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì rárá. Èèyàn méjì ni kó gbé e, kí wọ́n fi aṣọ gbé e. Bí ẹ bá wọ́ ọ, awọ á bó. Ẹ má ra ibi tó ti ń yọjú, ẹ má fi sípíríìtì tàbí páúdà sí i, ẹ má sì ra rọ́bà oníhò tí wọ́n ń tà fún ìjókòó, ó ń fún ẹ̀jẹ̀ pa yíká ibi tó yẹ kó gbà là. Ẹ ya àkókò sórí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹni tó bá yí i kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Láìsí páálí yẹn, gbogbo ará ilé á rò pé ẹlòmíì ti ṣe é.

Wíwẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì: bàsíà méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi ìṣanra, táwẹ̀lì kékeré méjì, ńlá kan. Ẹ ti fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àlejò. Ojú ni ẹ máa kọ́kọ́ wẹ̀, láìsí ọṣẹ, lẹ́yìn náà apá, àyà, ikùn, ẹsẹ̀, ẹ̀yìn. Ibi tí ẹ bá ń wẹ̀ nìkan ni kó wà níta, ìyókù kó wà lábẹ́ aṣọ. Ẹ pààrọ̀ omi kí ẹ tó dé abẹ́, ẹ lo ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì máa nu obìnrin láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ìgbẹ́ má baà wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀. Ẹ gbẹ abẹ́ ọmú, abíyá àti àárín itan dáadáa. Ibi tó bá lómi lẹ́yìn wíwẹ̀ ni awọ ti kọ́kọ́ ń bó. Ẹ sọ fún un ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó ṣe é, kódà bí kò bá lè dáhùn. Bí egbò bá ti wà nílẹ̀, ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, ṣíbí kékeré kan iyọ̀ sínú omi ọ̀rá kan, 50cl, òun lẹ máa fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀sì mímọ́ bò ó. Bó bá ń rùn, bó bá dúdú lójú, bí ọyún bá ń jáde tàbí tí eegun hàn, ó ti kọjá ọwọ́ yín, ilé ìwòsàn ni.

Oúnjẹ ẹni tí rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ bá jà, ìbẹ̀rù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni fún irú wọn. Kò gbọ́dọ̀ jẹun lójú oorun tàbí ní ìdùbúlẹ̀. Ẹ gbé e jókòó tààrà, kí àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ fi ṣíbí kékeré bọ́ ọ láti apá tó ṣì ní agbára, kí ẹ sì dúró kó gbé e mì kí òmíràn tó lọ. Ẹ wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó rọ, oúnjẹ máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Omi lásán ló ń yára ṣìnà jù. Bó bá ń wúkọ́ nígbà tó ń mu ún, tàbí tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ ni kó tó dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ikọ́ àti ibà tí wọ́n ń sọ pé òtútù ló fà á, oúnjẹ tó wọ ẹ̀dọ̀fóró ni.

Owó wá ńkọ́? Jòhánù kọ̀wé pé ilé òun ń ná dúkátì (owó Spéènì ìgbà náà) mẹ́rin ààbọ̀ lójúmọ́, ó máa ń di márùn-ún nígbà míì, lórí búrẹ́dì, ẹran, adìyẹ àti igi ìdáná nìkan. Oògùn àti aṣọ kò sí níbẹ̀. Ó jẹ gbèsè tó lé ní 200 dúkátì lórí ẹ̀wù, bàtà, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, débi pé ọjọ́ míì wà tí kì í lè jáde nílé nítorí àwọn olówó. A ò sọ pé kí ẹ jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, ibẹ̀ ni ẹni mímọ́ náà ti ju ara rẹ̀ síwájú jù, ohun tó sì gbà á là ni pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ń kú lọ nínú ilé ìdílé kan ní Granada tó ń jẹ́ Pisa, lẹ́yìn tó bọ́ sínú odò Genil láti yọ ọmọkùnrin kan tí omi ń gbé lọ, ohun mẹ́ta ló ní ó ń da òun láàmú: pé òun kò sin Ọlọ́run tó, àwọn tálákà tí òun ń fi sílẹ̀, àti gbèsè. Ó mú ìwé tó kọ orúkọ àwọn tó jẹ lówó sí, ó fà á lé bíṣọ́ọ̀bù àgbà Pedro Guerrero lọ́wọ́, ẹni náà sì gbà láti san án. Mélòó nínú ìgbìmọ̀ wa ló ní ìwé tí wọ́n lè fà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́? Ẹ ní ìwé kan, kì í ṣe WhatsApp: ọjọ́, ẹni tó fún wa, iye tàbí irú nǹkan, ẹni tó gbà á, rìsíìtì. Ẹ má fi owó oògùn lé ìdílé lọ́wọ́. Ẹ bá wọn lọ sí kẹ́mísì, ẹ sanwó níbẹ̀. Kì í ṣe torí pé olè ni wọ́n. Owó tó bá wọ ilé tí ebi wà, ebi ló máa kọ́kọ́ gbọ́.

Nípa àwọn olùyọ̀ọ̀da, lẹ́tà tí Jòhánù kọ sí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Luis Bautista tó yín kà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ yín. Luis ń fẹ́ wá, kò sì dá a lójú ohun tó ń wá. Jòhánù sọ fún un pé ó dà bí ọkọ̀ ojú omi tí kò ní àjẹ̀; pé bó bá máa wá, kó wá láti ṣiṣẹ́, kì í ṣe láti wá sinmi, torí ọmọ téèyàn fẹ́ràn jù la ń fún ní iṣẹ́ tó wúwo jù. Ó sàn kí ẹ ní mẹ́rin tó ń bọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ju ogójì tó ń bọ̀ ní ọjọ́ fọ́tò.

Iṣẹ́ náà á sì máa bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà míì. Jòhánù máa ń lọ bá àwọn obìnrin tó ń ta ara ní ọjọ́ Ẹtì, á san gbèsè fún èyí tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà kan, mẹ́rin bá a lọ sí Toledo, mẹ́ta sá lọ lójú ọ̀nà. Angulo tó bá a rìn bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé wọn ò bá má dá irú ìrìn yìí láṣà. Jòhánù bi í pé bó bá lọ ra ẹrù ẹja mẹ́rin ní Motril, tí mẹ́ta bàjẹ́ lọ́nà, ṣé yóò da ẹ̀kẹrin tó dára nù mọ́ wọn? Àwọn kan tún lọ fẹjọ́ sun bíṣọ́ọ̀bù àgbà pé àwọn ọ̀lẹ àti oníwàkiwà ló kó sínú ilé ìwòsàn. Ó fèsì pé ẹni burúkú kan ṣoṣo tí òun mọ̀ níbẹ̀ ni òun fúnra òun, tí òun kò yẹ lẹ́ni tó ń jẹ búrẹ́dì àwọn tálákà. Nítorí náà, ẹ yọ ìbéèrè "ṣé ó máa ń wá Mísà?" kúrò nínú fọ́ọ̀mù yín.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò parí sí Granada. Póòpù Pius Karùn-ún fọwọ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1572, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 1690. Títí dòní, àwọn brọ́dà ẹgbẹ́ náà ní ilé ìwòsàn ní Tanguiéta, àríwá Benin, àti ní Afagnan, ilẹ̀ Togo.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni èyí. Láàárín ọjọ́ 11 Èrèlé sí ọjọ́ 8 Ẹrẹ́nà, ẹ mú aláìsàn márùn-ún péré tí kò lè dìde nílẹ̀ nínú párísì yín, Àgùdà tàbí ẹni tí kì í ṣe Àgùdà. Ẹ yan èèyàn méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi owó báńnà ra bàsíà méjì, táwẹ̀lì mẹ́ta, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mẹ́rin, ìrọ̀rí mẹ́rin, páálí ìbọ̀wọ́ kan àti ọṣẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ, ó máa ń wà, kó fi wákàtí mẹ́ta kọ́ àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà, bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ, kí wọ́n fi ara wọn dánra wò lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ẹ lọ ní alẹ́, nígbà tí ọwọ́ àwọn ará ilé bá dilẹ̀, kí wọ́n lè wo bí ẹ ṣe ń ṣe é kí wọ́n sì máa ṣe é lọ ní àwọn ọjọ́ tí ẹ ò bá sí níbẹ̀. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa ṣí géètì fún yín sínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ irú ìbẹ̀wò báyìí, ẹnu géètì ló máa ń parí sí.

Àwa ni tiyín nínú Kristi,
Àwọn nọ́ọ̀sì àti olùyọ̀ọ̀da tó ń tọ́jú aláìsàn nílé